Àkọ́gé Ẹ̀fọ́ Hàfísátù Lórí Ilẹ̀ Olójé

Ẹni tí ó bá mọ Ibafo ní àkókò tí a ṣì ń fi orúkọ olóko pe ọ̀nà oko yóò rántí àfonífojì kan tí ó wà lẹ́yìn òpópónà márosẹ̀, níbi tí omi kì í ti í gbẹ láti ọdún dé ọdún. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, wọ́n sì ń gbìn ín létòlétò: ebè gígùn, ọ̀nà tóóró láàárín ebè méjì, ẹnikẹ́ni kì í sì í tẹ ebè ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti di ohun àná. Ilé ti gba ibẹ̀ nísinsìnyí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a kò rẹ́ dojú kọ ògiri búlọ́ọ̀kù mìíràn tí a kò rẹ́, ariwo tírélà kì í sì í dá lójú títì. Síbẹ̀, ilẹ̀ kan ṣẹ́ kù láàárín àwọn ògiri náà tí ẹ̀fọ́ wà lórí rẹ̀. Hàfísátù, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Ummu nítorí Ummulkhair àkọ́bí rẹ̀, ni ó ń ro ó.

Obìnrin náà kì í lè jókòó. Bí ó bá tilẹ̀ gbé ìdí lé àpótí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè ni yóò ṣe gbé e lé e. Ó máa ń fi òkèlè sílẹ̀ nínú àwo láti lọ wo ebè kan tí ó ti wò kí ó tó bu oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ náà, òun ni ó sì kọ́ ọ bí a ti ń po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí a tó fún un, kí ó má baà dà sójú kan. Títí di òní yìí, iyanrìn ni ó ń lò, ó sì ń kù ú kí òkúta má bàa wọ inú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, awakọ̀ típà ni, ọlọ́wọ́ ìfúnni sì ni. Nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí omi òjò kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ọdọọdún ni àgbàrá ń wọ yàrá tọ̀ wọ́n. Bùrẹ́ímọ̀ rí ohun tí yóò fi kún ilẹ̀. Ní ọ̀nà Ifọ̀, ibi kan wà tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú láti mú òjé inú rẹ̀. Ìdàrọ́ tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iná, dúdú ni, ó wúwo, a sì máa lẹ̀ mọ́ra bí sìmẹ́ńtì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kó o kúrò lójú wọn. Bùrẹ́ímọ̀ kó o wá sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rí i pé àgbàrá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì kó o fún àwọn náà láìgba nǹkan kan. Wọ́n ṣàdúrà fún un títí ó fi kú. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó kó wọ àárín wọn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òjò fọ ìdàrọ́ náà díẹ̀díẹ̀ wọ inú àwọn ebè. Tẹ̀tẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lọ́nà tí Hàfísátù kò mọ̀ rí. Yóò yọ, yóò ya ewé méjì, yóò sì dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí ó kọ̀ láti rìn. Etí ewé rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Bí a bá fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rí bí òwú tí a fi iná jó. Hàfísátù dá irúgbìn lẹ́bi, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó dá oòrùn lẹ́bi, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kò sì sí ohun tí yóò fi bo ara rẹ̀.

Ẹni tí ó fún àìsàn ilẹ̀ náà ní orúkọ ni Olúfúnṣọ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń kọ́ni nípa ohun ọ̀gbìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó láti Èkó wá sí Mowe nítorí ìjọ wọn. Ẹ̀fọ́ ni ó wá rà. Ó rí gbòǹgbò kan lórí ebè, ó mú un, ó yí i wò.

"Màmá, kí ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí?"

"Ilẹ̀ ni. Kí ni ì bá tún wà nísàlẹ̀ ilẹ̀?"

"Mo fẹ́ bù díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, tẹ́ ẹ bá gbà fún mi."

"Bù ú. Bó o bá tiẹ̀ fẹ́, kó gbogbo ẹ̀ lọ, kó o bá mi kó òmíràn bọ̀."

Òjé ni àyẹ̀wò rí, ó sì pọ̀. Olúfúnṣọ́ kò fi pa mọ́ fún un. Ó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ó sì là á yé e.

"A ò lè fọ ilẹ̀ bí ẹní fọ aṣọ, Màmá. Òjé kì í jẹrà, kì í sì í jóná tán. Ohun tá a lè ṣe ni ká dè é mọ́lẹ̀, kí gbòǹgbò má rí i mu, ká sì fún ọmọ irúgbìn lágbára kó tó débẹ̀."

Iṣẹ́ náà bá ìwà Hàfísátù mu, nítorí kò fi àyè ìjókòó sílẹ̀. Ó lọ sí Ọ̀fàdà láti kó ìyàngbò ní ibi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Inú àgbá tí a dé lórí ni ó ti ń sun ún, kí ó lè di èédú dúdú. Bí ó bá fi lè di eérú funfun, ó ti kọjá ohun tí a ń wá. Ó ṣa egungun màlúù lọ́dọ̀ àwọn apẹran, ó sun ún, ó sì gún un kúnná nínú odó àtijọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tún wà níbẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ó jẹrà tán kí a tó po gbogbo rẹ̀ mọ́ ebè láti de òjé mọ́lẹ̀. Ní ti erùpẹ̀ tí ọmọ irúgbìn yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀, abẹ́ igi obì ni ó ti lọ bù ú, nínú oko àtijọ́ kan tí típà kankan kò dé. Ó po èédú ìyàngbò mọ́ ọn, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá dúdú kéékèèké, ó sì gbin tẹ̀tẹ̀ sínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá lágbára ni yóò gbé wọn lọ sórí ebè, tòun ti erùpẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọjá ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó ń tọ́ ẹ̀fọ́ bí ẹni tọ́ ọmọ ìkókó. Wọn kò mọ̀ pé irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oko ní àfonífojì yẹn kí a tó bí wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ kú. Ìgbà kejì, díẹ̀ yè, ì bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kì í bá ṣe pé ara Hàfísátù kò lélẹ̀ tó láti jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ jẹrà kí ó tó lò ó. Ìgbà kẹta ni wọ́n dúró. Ewé wọn fẹ̀, ó tutù, ó ń dán. Gbòǹgbò wọn funfun. Hàfísátù a máa lọ síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lẹ́yìn ìrun Àsárì, a sì máa fọwọ́ kan ewé bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Olúfúnṣọ́ gé nínú ewé náà lọ sí ilé àyẹ̀wò.

"Màmá, ẹ má jẹ ẹ́ o, ẹ má sì tà á títí n ó fi pè yín. Pé ó yè, ìyẹn kò sọ pé inú rẹ̀ mọ́."

"Bí mo bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Ṣé yóò bú mi ni?"

"Màmá, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ti gbọ́. N kò ní jẹ ẹ́, n kò ní tà á."

Ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n àbájáde náà pẹ́, tẹ̀tẹ̀ kò sì mọ̀ pé à ń dúró de nǹkan kan. Ó ń ga sí i. Bí tẹ̀tẹ̀ bá pẹ́ lórí ebè, yóò ta òdòdó, igi rẹ̀ yóò sì le. Hàfísátù ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ebè. Ó fọ ìkòkò tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó pe Olúfúnṣọ́ lórí fóònù títí ọ̀dọ́bìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kí ó tó sọ̀rọ̀. Àbẹ̀bí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà ní Àgbàdo àti Oke-Aro, wá dúró lórí rẹ̀.

"Ìyá Ummu, ẹ̀fọ́ yìí ń ṣẹ́jú sí mi. Ìgbà wo la fẹ́ gé e?"

"Wọ́n ní ká dúró."

"Ta ni wọ́n? Ṣé ẹ̀fọ́ náà fẹ́ gbàwé ẹ̀rí ni?"

"Ṣáà máa fi mí ṣẹ̀sín."

"Èmi kọ́ ni mò ń fi ọ́ ṣẹ̀sín. Wo ewé náà. Bó bá lè sọ̀rọ̀, yóò ti pe ara rẹ̀ lọ sọ́jà."

Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti pẹ́ ní Ibafo, àkọ́gé ẹ̀fọ́ kì í wọ ẹnu olóko, kì í sì í dé ọjà. Sàráà ni. Ọjọ́ Alàmísì ni wọ́n ń gbé e lọ sí ilé-kéú. Àwọn ọmọ yóò jẹ ẹ́, wọn yóò sì ṣí ọwọ́ àdúrà sí ilẹ̀ tí ó ti wá. Bàbá Hàfísátù kò fi í jáfara rí. Nígbà tí Alàmísì dé, tí àbájáde kò dé, Hàfísátù ro ọ̀rọ̀ náà. Kò ní jẹ ẹ́. Kò ní tà á. Sàráà kì í ṣe jíjẹ rẹ̀, kì í sì í ṣe títà rẹ̀. Ti Ọlọ́run ni. Ohun tí ó tún rò ju ìyẹn lọ ni pé èédú àti egungun ti ṣe tiwọn lára ilẹ̀ náà, ohun tí ó kù ni àdúrà àwọn ọmọ. Kò sí ẹ̀tàn nínú èrò rẹ̀. Ó gé ẹ̀fọ́ náà, ó ṣan án léraléra, ó dì í, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Mowe, sí ilé-kéú Alfa Muqtadir. Salmah, ìyàwó Alfa, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àdúrà.

Nígbà tí ó padà délé, Àbẹ̀bí wà níbẹ̀ tí ó ń retí rẹ̀. Hàfísátù jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì rọ ara rẹ̀ délẹ̀ dáadáa tí fóònù fi dún.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbájáde ti dé. Irúgbìn náà gba ilẹ̀ náà, a borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ewé ẹ̀. Òjé tó wà nínú ẹ̀ kọjá ohun tó yẹ kó wọ ẹnu èèyàn, pàápàá jù lọ ọmọdé."

"Ọmọdé?"

"Ọmọdé gan-an. Ó máa ń ba ọpọlọ wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ń fà á gòkè sínú ewé ni. Ohun tá a máa gbìn síbẹ̀ báyìí ni ilá tàbí tòmátì, torí òjé kì í sábà dé inú èso, a ó sì ṣàyẹ̀wò àwọn náà. Ẹ ò tíì fún ẹnikẹ́ni, àbí?"

Hàfísátù ká ẹsẹ̀ tí ó nà.

"Màmá?"

"Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan kì í pa èèyàn. Ṣùgbọ́n a ò mọ iye tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, kì í sì í tètè jáde. Ta ló jẹ ẹ́, Màmá?"

Hàfísátù ti dìde. Àbẹ̀bí, tí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí ohùn fóònù náà ròkè, di ìró rẹ̀ mú.

"Ó ní ẹ̀ẹ̀kan kì í pa èèyàn. O gbọ́ ọ. Jókòó."

"Ọmọ ni wọ́n, Àbẹ̀bí."

"Ọmọ ni wọ́n, wọn yóò jẹ ẹ́, wọn yóò bá eré wọn lọ. Ṣùgbọ́n bó o bá lọ dúró láàárín ilé-kéú pé ẹ̀fọ́ rẹ ní májèlé, ta ni yóò tún ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ láyé yìí? Èmi tí mò ń tà á fúnra mi, wọn yóò máa sá fún mi ní Àgbàdo. Kò tiẹ̀ tán síbẹ̀. Wọn yóò bi ọ́ ibi tí májèlé ti wá. Kí lo fẹ́ wí? Pé Bùrẹ́ímọ̀ ni?"

Orúkọ yẹn ni ó dá a dúró, nítorí kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń kí i lójú ọ̀nà ní ìyàwó Bùrẹ́ímọ̀ tí ó gbà wá lọ́wọ́ omi. Ó wo Àbẹ̀bí. Lẹ́yìn náà ó fa ìró rẹ̀ gbà, ó sì jáde pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀.

Ọlọ́kadà tí ó gbé e ké gbàjarè kí wọ́n tó dé Mowe.

"Ìyá, ẹ rọra, ọrùn mi lẹ dì mú!"

"Máa lọ!"

"Mò ń lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fún mi lọ́rùn pa, ta ni yóò wà á?"

Ìkòkò ti kúrò lórí iná nígbà tí ó dé. Àwọn ọmọ tò lórí ẹní pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń kéú lóhùn rara. Àwọn ìyá mélòó kan tí ó wá mú ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Salmah ti bu oúnjẹ fún àwọn tí ó kéré jù, méjì nínú wọn sì ti ń jẹ.

"Ẹ má bù ú mọ́! Ẹ dákun, ẹ má bù ú!"

Salmah gbé ṣíbí sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ummu, ṣé ẹ fẹ́ gba sàráà yín padà ni?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Alfa Muqtadir, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í gbé ohùn sókè, jáde wá. "Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀. A ti ṣàdúrà sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Irọ́ kan ti wà ní ẹnu Hàfísátù láti orí ọ̀kadà. Ó lè sọ pé òun rí alángbá nínú omi tí òun fi ṣan ẹ̀fọ́ náà. Wọn yóò da oúnjẹ nù, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí Hikmah láàárín àwọn ìyá náà, ọ̀dọ́bìnrin tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀ ní Ibafo, tí ọmọ sùn sí lẹ́yìn. Bùrẹ́ímọ̀ ni ó kún ilẹ̀ wọn.

"Òjé ni ó wà nínú rẹ̀, Alfa. Ilẹ̀ mi ni òjé náà ti wá. Ọkọ mi ni ó kó ìdàrọ́ bátìrì wá kún un. Kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́. Salmah gba abọ́ lọ́wọ́ àwọn méjì tí ó ń jẹun, ó fi ìka nu ẹnu wọn. Hikmah ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ó ti pa wá! Ilé Ọlọ́run lẹ gbé e wá! Àwọn ọmọ aláìmọ̀kan!"

"Ó dára, Hikmah," Alfa wí.

"Kò dára, Alfa! Ṣé kì í ṣe ìdàrọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kó fún wa?"

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni pé ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ń sọ. Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni títí ó fi lọ.

Alfa ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí ibi tí ewúrẹ́ kò lè dé, kí wọ́n da oúnjẹ náà síbẹ̀. Gààrí ni àwọn ọmọ mu. Kí Hàfísátù tó lọ, Alfa bá a dé ẹnu ọ̀nà.

"Sàráà tí ẹ gbé wá láàárọ̀ kò wúlò fún wa, Ìyá Ummu. Èyí tí ẹ sáré gbé wá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbà."

Àbẹ̀bí kò wá ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, gbogbo Ibafo ti gbọ́. Ẹni tí ó máa ń ra ata lọ́wọ́ Hàfísátù, ata tí ó ti oko mìíràn wá, kọjá ní iwájú rẹ̀ láìwò ó. Olúfúnṣọ́ wá, ó ṣètò bí wọn yóò ṣe yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ méjèèjì wò, lẹ́yìn náà ni òun àti Hàfísátù bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀tẹ̀ tu. Wọn kò gbọ́dọ̀ sun ún, wọn kò gbọ́dọ̀ fi bọ́ ẹran; inú àpò ni wọ́n ń dì í sí. Ó ṣe ni láàánú láti rí i, nítorí kò sí ẹ̀fọ́ tí ó tutù tó o ní gbogbo agbègbè náà.

"Màmá, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀," Olúfúnṣọ́ wí. "Mo ní ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà kẹta wà."

"Ọ̀nà kẹta ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn. Hàfísátù ti rọ ọ̀rá dúdú mìíràn sílẹ̀ fún ilá.

Ó ń gbé ọmọ ilá wọ orí ebè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí Hikmah dé. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ."

"Dìde. Òótọ́ lo sọ."

"Bàbá Ummu ló kún ilẹ̀ tiwa, ìyá mi."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ yìí máa ń fọwọ́ wa erùpẹ̀ ibẹ̀ sẹ́nu. Kí ni ká ṣe?"

Hàfísátù kò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun yóò mú Olúfúnṣọ́ wá, wọn yóò bu ilẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò; ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí ó tẹ́ ẹní fún ọmọ náà, kí ó má sì jẹ́ kí ó fi ara kan ilẹ̀ náà mọ́. Ó fi ilá tí ó kù sílẹ̀ nínú ọ̀rá, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fún ara rẹ̀: gbogbo ojúlé tí ọkọ rẹ̀ ti fi típà kó ìdàrọ́ lọ nígbà ayé rẹ̀. Hikmah bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ó ti dé ojú ọ̀nà. Ó kan ilẹ̀kùn ilé tí ó súnmọ́ ọn jù lọ. Ẹnì kan béèrè láti inú ilé pé ta nìyẹn.

"Èmi ni," ó ní, "ìyàwó Bùrẹ́ímọ̀."